Wáyà Tí A Lọ́ Sí Òsì

Vùùùùù… kẹ́ẹ́. Vùùùùù… kẹ́ẹ́. Vùùùùù.

Bí ìró náà ṣe máa ń dún nìyẹn nígbà tí Rọra-Wò ṣì wà lọ́mọdé. Bàálù àtijọ́ kan wà tó máa ń gba orí òrùlé wọn kọjá bó bá fẹ́ balẹ̀ sí pápá tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Kì í ké bọ̀ ní ìró kan ṣoṣo bí àwọn bàálù òde òní. Á ké, á dákẹ́ lójijì, àwọn ọmọdé á di ara wọn mú pé ó ti kú, pé ó ń já bọ̀ sórí ilé. Kí wọ́n tó pariwo tán, á tún ké. Ìyá rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má ṣojo. Kò kú o. Èémí ló ń mí."

Ìyá ti lọ sí ibi tí àgbà ń lọ. Òrùlé ti wó, pápá ti di ilé. Ìró yẹn nìkan ni ayé kò rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ló sì ń dún ní etí rẹ̀ ní àárọ̀ tó dúró sínú yàrá iṣẹ́ Bàbá Onírin, tó ń wo tábìlì òfìfo.

Òfìfo náà kò kúkú ṣófo tán. Ìjókòó irin tí ẹ̀rọ bàálù kékeré tí bàbá náà fọwọ́ rọ máa ń gùn wà níbẹ̀, ihò bóòtù mẹ́rin wà lára rẹ̀ tí kò ní bóòtù mọ́. Àbàwọ́n epo kan wà, ó rí róbótó bí ìdí ife. Aṣọ tí wọ́n fi ń bo ẹ̀rọ náà wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n sì fi ọwọ́ tẹ́ ẹ kó lè jọ̀lọ̀.

"Ọ̀rọ̀ yìí ò le, Bàbá," ni Sájẹ́ǹtì wí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ara rẹ̀ ò gba ìdúró. "Olè gé àgádágodo, ó wọlé, ó gbé e, ó lọ. Níbi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ti lè yọ́ ọ di ìkòkò."

"Rọra wò ó."

Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi sọ ọkùnrin náà lórúkọ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ó ti gbé ìlú òkèèrè fún apá tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ kó tó padà wálé, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò fẹ̀yìn tì.

"Mo ti wò ó, Bàbá."

"Olè wo ló ń ká aṣọ?"

"Olè tí ìyá rẹ̀ kọ́ nílé."

Rọra-Wò rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó mú àgádágodo tí wọ́n gé náà, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, eyín kéékèèké tò bí ibi tí ajá gbé bu ọmọ jẹ. Ó gbé e lọ sí ibi fáìsì, irin ńlá tí a fi ń di nǹkan mú lórí tábìlì iṣẹ́, ó tì í bọ ẹnu rẹ̀, ó sì fún un. Eyín wọ inú eyín. Nílẹ̀ lábẹ́ fáìsì náà, èérún irin tuntun ń dán lórí eruku àtijọ́.

Sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan èérún náà.

"Nínú yàrá níbí ni wọ́n ti gé e," ni Rọra-Wò wí. "Ẹni tó gé e ti kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i, ó mú un wọlé, ó fi fáìsì dì í mú, ó gé e, ó sì gbé e padà sẹ́nu ọ̀nà kí ìwọ lè wá sọ fún mi pé olè gé àgádágodo. Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà?"

"Mẹ́ta. Ti bàbá fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ti ọmọ rẹ̀ obìnrin, télọ̀ tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú. Ti mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì títì, Kò-Sí-Wàhálà tí wọ́n ń pè é. Ó máa ń wá lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí irin." Ojú ọ̀dọ́mọkùnrin náà tàn. "Télọ̀ kò mọ nǹkan kan nípa irin, Bàbá. Mẹkáníìkì ni. Kí n lọ mú un…"

"Rọra…"

"Mo ti mọ̀, sà. Kí n rọra wò ó."

*

Ọmọkùnrin Bàbá Onírin ló bẹ Rọra-Wò ní iṣẹ́ yìí. Ó ti ń gbé ìlú òkèèrè láti ìgbà èwe rẹ̀, orí fóònù ló sì ti ń bá wọn gbé ilé. Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ kò fi nǹkan kan pamọ́: "Bàbá, ẹ bá mi wá ẹ̀rọ bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló tà á. Kò fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn rí. Ẹ kàn bá mi fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ni." Láti ìgbà náà, fóònù kì í pẹ́ dún. "Ṣé ẹ ti mú un?" "Ṣé ó ti jẹ́wọ́?" Rọra-Wò kò tíì dáhùn. Ó gbà pé èsì tó bá yá ju òtítọ́ lọ, irọ́ ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé lọ́nà.

Ó wọ yàrá tí ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ sí.

Bàbá Onírin ti tún ẹ̀rọ bàálù ṣe títí tí irun rẹ̀ fi funfun. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jókòó sábẹ́ igi láti bú ìjọba, òun wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ẹ̀rọ bàálù àtijọ́ kan, irú èyí tí kò sí lójú ọ̀run mọ́. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìtóbi rẹ̀ ló fẹ́ ṣe, kó má ju àwo ìjẹun lọ, kó má sì sí bóòtù kan tó wà lára ti gidi tí kò ní sí lára tirẹ̀. Sílíńdà mẹ́sàn-án ló tò yí ara wọn ká bí ewé òdòdó. Ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ báyìí. Dókítà ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ojú rẹ̀ sì ti fọ́ ṣáájú ìgbà yẹn.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n," ni Rọra-Wò wí.

"Ta nìyẹn? Ọlọ́pàá?"

"Ọlọ́pàá àná."

"Ó sàn ju tòní lọ. Ẹ jókòó." Ó na ọwọ́ wá Rọra-Wò nínú afẹ́fẹ́, ó rí ọwọ́ rẹ̀, ó sì dì í mú. "Mi ò fẹ́ mọ olè o. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yín, ẹ gbọ́ tèmi: ẹ̀rọ ni mo fẹ́. Kí n fọwọ́ kàn án láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí n gbọ́ kó ké lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹni tó bá wù ú máa gbé e lọ. Mi ò ní àkókò púpọ̀. Ẹ bá mi yára."

"Ìgbà wo lẹ fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn?"

"Kí wọ́n tó gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sílíńdà tó kẹ́yìn ni. Nígbà tí wọ́n gbé mi padà wálé, mo ní kí ọmọ mi gbé e wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Ilẹ̀ mọ́, ó ní olè ti gbé e."

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó pé, tí ẹ ò ríran?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Ojú ló ń ríran ni? Ẹ gbọ́. Nínú ẹ̀rọ mìíràn, ara ẹ̀rọ á dúró, ọ̀pá àárín á máa yí. Nínú tibí, ọ̀pá àárín ló dúró gan-in, odindi ara rẹ̀ pẹ̀lú sílíńdà ló ń pòòyì, bí ọmọ tó ń jó yí ìyá rẹ̀ ká. Ẹ mọ ohun tí ìpòòyì ń ṣe fún bóòtù? Á tú u. Nítorí náà, a máa ń fi wáyà so orí bóòtù kan mọ́ èkejì, a ó lọ́ ọ pọ̀ dáadáa, kí ọ̀kan má lè tú láì mú èkejì dání. Onírin kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń lọ́ tirẹ̀. Kò sí ẹni tó lè gbé wáyà tí mo lọ́ fún mi kí n má mọ̀ ọ́n."

Ìka rẹ̀ ti kúrò ní ọwọ́ Rọra-Wò, wọ́n ti bọ́ sórí aṣọ ìbora. Wọ́n ń lọ́ ohun tí kò sí níbẹ̀. Sí ọ̀tún. Sí ọ̀tún. Sí ọ̀tún.

"Nígbà tí mo wà ní kékeré," ni Rọra-Wò wí, "irú rẹ̀ máa ń gba orí ilé wa kọjá. Á ké, á dákẹ́, á tún ké."

"Bọ́tìnì nìyẹn!" Ìdajì ara Bàbá Onírin dìde lórí ìrọ̀rí. "Kò sí bí awakọ̀ ṣe lè dín eré rẹ̀ kù. Tó bá tẹ bọ́tìnì, iná á kú. Tó bá tú u sílẹ̀, á tún ràn. Ẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú etí yín?"

"Ìyá mi ní èémí ló ń mí."

Ọkùnrin náà padà fẹ̀yìn lélẹ̀. "Ìyá yín gbọ́n ju ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ lọ."

*

Kò-Sí-Wàhálà wà lábẹ́ mọ́tò, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Sájẹ́ǹtì fi bàtà ta á létí ẹsẹ̀.

"Jáde wá!"

"Kò sí wàhálà. Ta ni?"

"Ìjọba."

"Ẹ ní kí ìjọba fún mi ní sípánà nọ́ńbà mẹ́tàlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀."

Nígbà tó jáde, Rọra-Wò fa imú. Géńdé ọkùnrin ni, òórùn bẹntiróòlù bò ó, ṣùgbọ́n òórùn kan wà lábẹ́ rẹ̀, ó ki, ó dà bí òróró tó ti pẹ́. Epo lárà. Òun ni wọ́n ń bù sínú ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn kó lè máa yọ̀ dáadáa. Kò sí mọ́tò òde òní tó ń mu ún. Sájẹ́ǹtì náà gbọ́ òórùn náà, ó sì fọwọ́ kan ṣẹkẹṣẹkẹ tó so mọ́ ìgbànú rẹ̀ bí ẹni tó rí oúnjẹ.

"Kí lẹ fi epo lárà ṣe?" ni Rọra-Wò béèrè.

Ojú mẹkáníìkì náà yí. "Epo wo?"

"Èyí tó wà lápá aṣọ yín."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀."

"Ṣé ẹ rí i!" ni Sájẹ́ǹtì kígbe. "Wọ́n gbé ẹ̀rọ bàbá arúgbó, ẹ ní ká fi sílẹ̀!"

"Èwo ni ti ẹ̀rọ? Èmi?" Kò-Sí-Wàhálà wo títì sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Inú mi ló le. Mo mu ún ni. Mo mu ún, ọwọ́ mi gbọ̀n, ó dà sí mi lára. Ṣé ẹ ti wá gbọ́ ọ báyìí? Ẹ pariwo rẹ̀ kí gbogbo àdúgbò lè bá mi yọ̀."

Sájẹ́ǹtì bojú wo ibòmíràn. Rọra-Wò kò rẹ́rìn-ín, nítorí àgbà tó bá rẹ́rìn-ín inú líle, ọ̀la rẹ̀ ń bọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ sọ fún mi, níbo lẹ ti rí epo náà? Ṣé nínú agolo bàbá?"

"Rárá o. Agolo bàbá ṣì kún, èmi kì í fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀. Ọwọ́ Àǹtí Télọ̀ ni mo ti gbà á. Òun náà ra tirẹ̀, agolo tuntun gìdìgbà. Mo ní, 'Àǹtí, kí lẹ ń fi gbogbo èyí ṣe?' Ó ní òun fi ń para."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Nígbà tí bàbá wà nílé ìwòsàn." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú àkísà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Mo máa ń fi ẹ̀rọ yẹn bú bàbá. Mo ní irú ẹ̀rọ wo ni gbogbo ara rẹ̀ ń yí, ṣé ó ń wá ibi tí yóò sá gbà ni? Mo ní kò ní ké láéláé. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí bàbá ṣì wà lọ́hùn-ún, mo gbọ́ nǹkan kan láti yàrá ẹ̀yìn. Mo rò pé àlá ni mò ń lá lábẹ́ mọ́tò."

"Kí lẹ gbọ́?"

Ọkùnrin náà kó ẹnu jọ, ojú sì ń tì í díẹ̀. "Vùùùù, kẹ́ẹ́. Vùùùù, kẹ́ẹ́."

*

Rọra-Wò padà sí yàrá iṣẹ́. Ó rọra jókòó sílẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń ké ju ẹ̀rọ lọ, ó sì fi ìka ro ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Kí lẹ ń wá, Bàbá?"

"Ìrù wáyà."

Tí onírin bá lọ́ wáyà tán, á fi ẹ̀mú gé ìyókù, ìrù náà á sì bọ́ sílẹ̀. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ó kó wọn sórí àtẹ́lẹwọ́, ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ti ṣú, tí eruku bò, sí ọ̀tún ni gbogbo wọn lọ́ sí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ṣì ń dán bí fàdákà. Òsì ni ìwọ̀nyí lọ́ sí.

Sájẹ́ǹtì tẹ̀ síwájú, ó wò ó. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rọra wò ó. "Ẹni méjì ni."

"Ẹni méjì. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún kan, ọlọ́wọ́ òsì kan. Òsì ló dé gbẹ̀yìn."

Àpótí èérún irin wà ní igun yàrá, níbi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Rọra-Wò ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ohun tó fà jáde wúwo, wọ́n sì fi aṣọ wé e: sátínì funfun, tí wọ́n rán etí rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó mọ́ rekete. Ó tú u. Sílíńdà méjì ló wà nínú rẹ̀, wọn ò ju ìka àtàǹpàkò lọ. Àwọn òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó yí wọn ká ní títò, tí atẹ́gùn á máa gba àárín wọn láti tu ẹ̀rọ nínú, wọ́n wọ́. Ọ̀kan nípọn, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ní ibì kan, irin ìgé ti yọ̀ ó sì ha á bí èékánná.

Ó dì wọ́n mú fún ìgbà pípẹ́. Bí a bá rí ilé tí arúgbó kọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ ń ṣú, bó ṣe ń rí nìyẹn.

"Ṣé olè ló ba èyí jẹ́?" ni Sájẹ́ǹtì béèrè.

"Rárá. Bàbá ló ṣe wọ́n. Àwọn méjì tó kẹ́yìn nìwọ̀nyí." Ó tún aṣọ funfun náà wé padà. "Ẹni kan yọ wọ́n kúrò, ó sì ṣe méjì mìíràn dípò wọn. Ṣùgbọ́n wò ó, ọmọ mi. Ẹni tó bá ju nǹkan nù, ṣé ó máa ń rán aṣọ fún un?"

Fóònù rẹ̀ dún. "Bàbá, ṣé ẹ ti mú un?"

Ó tì í bọ àpò.

*

Télọ̀ náà jókòó ti máṣíìnì rẹ̀. Obìnrin tó ti kúrò lọ́mọdé ni, tó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ tọ́jú ìyá títí ìyá fi kú, tó sì bọ́ sí orí bàbá láì sinmi. Àwọn aṣọ tó ti rán kọ́ yí i ká. Ní igun, ère ìránṣọ kan wọ aṣọ ìyàwó funfun, yẹ̀rì rẹ̀ fẹ̀ débi pé ó gbá ilẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ṣé ẹ ti rí nǹkan?"

"A ń wá a." Rọra-Wò bọ́ awò ojú rẹ̀. Apá kan rẹ̀ ti ṣí, òun fúnra rẹ̀ ló sì yọ ìdè rẹ̀ kó tó wọlé. "Ọmọ mi, ẹ gbà mí. Ìdè awò mi ti jábọ́. Mo rí wáyà yìí, ẹ bá mi fi so ó, kí n má lọ sùbú."

Ó gbà á. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbà á, bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa. Ó ki wáyà náà bọ ihò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ. Wáyà náà ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Àbúrò yín ní ẹ kò fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn rí," ni Rọra-Wò wí jẹ́jẹ́.

"Ta ló máa fẹ́ rí i? Oúnjẹ á tutù, Bàbá ò ní jáde. Ìyá mi kú, ọjọ́ kẹta Bàbá ti wọlé tọ irin lọ. Mo ní, Bàbá, ẹ wá sunkún bí ènìyàn. Ó ní sílíńdà kẹta kò tíì gún." Ó ń wo wáyà náà, kò wo ẹnikẹ́ni. "Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ bá a. Kò sí ibòmíràn tí a ti lè rí i. Mo máa ń di fìtílà mú fún un. Tí ènìyàn bá di fìtílà mú pẹ́, á rí ohun tó wà níbẹ̀…"

Ó ti gbàgbé ara rẹ̀. Wáyà náà ti kúrò ní ọwọ́ kan, ó ti bọ́ sí èkejì, kò sì yọ̀ mọ́. Ìka rẹ̀ sáré, ó lọ́ ọ mọ́ra ṣinṣin, ó fi abẹ máṣíìnì gé ìrù rẹ̀. Ìrù náà bọ́ sórí tábìlì.

Rọra-Wò fi ìka mú un. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń dán.

Wọ́n jọ lọ́ sí òsì.

Obìnrin náà wo ọwọ́ òsì ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé e síbẹ̀. Sájẹ́ǹtì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣí ẹnu, Rọra-Wò mi orí sí i pé rárá.

"Tíṣà mi nà án títí," ni obìnrin náà wí. "Ọwọ́ yìí. Ó ní ọwọ́ tí kò mọ̀wé ni. Níwájú ènìyàn, kì í jáde. Tí mo bá dá wà nìkan ló ń jáde."

"Ó mọ irin."

"Sílíńdà méjì tí bàbá mi ṣe gbẹ̀yìn kò dára, Bàbá. Ojú rẹ̀ ti ń lọ, kò jẹ́wọ́. Ó ń sọ pé ó gún, ó gún, èmi sì rí i pé kò gún. Tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ náà pẹ̀lú wọn, á fọ́ yángá. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, mo ṣe méjì mìíràn. Mo bà wọ́n jẹ́, mo tún ṣe, mo bà wọ́n jẹ́, mo tún ṣe. Mo tàn án lẹ́ẹ̀kan, ó ké." Omi ti dé ojú rẹ̀. "Mo rò pé mo gbà á là. Ló bá padà wálé, ló ní kí n gbé e wá kí òun fọwọ́ kàn án. Bàbá mi! Tó bá fi ọwọ́ kan wáyà yẹn báyìí, á mọ̀ pé tòun kọ́. Á mọ̀ pé a ti ju iṣẹ́ òun nù. Ṣé kí n sọ fún un pé, Bàbá, ohun tí ẹ ṣe gbẹ̀yìn láyé yín kò dára?"

"Ẹ lè tú u, kí ẹ fi ọ̀tún lọ́ ọ."

"Mo gbìyànjú. Ọ̀tún mi kò mọ̀ ọ́n." Ó nu ojú. "Mo ní kí n gbé e pamọ́ ná, títí tí kò fi ní béèrè mọ́."

Ó gbọ́ ohun tó sọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Títí tí kò fi ní béèrè mọ́: ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí arúgbó ń gbà dẹ́kun ìbéèrè.

Rọra-Wò dìde. Ó rìn lọ sí ibi ère tó wọ aṣọ ìyàwó, ó sì fa imú. "Ọmọ mi, mo ti rí ìyàwó tó fi òróró òdòdó para, mo ti rí èyí tó fi àdí para. Èyí tó ń run epo lárà, òun ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Ẹ gbé e jáde lábẹ́ yẹ̀rì rẹ̀. Bàbá ṣì ń béèrè."

*

Wọ́n gbé e wọlé bí ọmọ jòjòló. Kò wúwo jù bẹ́ẹ̀ náà lọ. Obìnrin náà gbé e lé àyà bàbá rẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn dé ara ògiri.

Ìka arúgbó náà gun orí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti sílíńdà òkè, ó ń lọ láti ọ̀kan sí èkejì, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ. Níbi tó kù méjì kó yí i ká tán, ìka náà dúró. Ó padà. Ó tún lọ. Ó kan wáyà.

"Tèmi kọ́ nìyí," ló wí.

Obìnrin náà fi ọwọ́ òsì rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn.

"Sí òsì." Ó tún fọwọ́ pa á. "Ó mọ́. Ó mọ́ ju tèmi lọ. Ọmọ mi dà?"

"Mo wà níbí, Bàbá."

"Gbé ọwọ́ rẹ wá. Rárá, kì í ṣe ìyẹn. Èkejì." Ó dì í mú, ó fi àtàǹpàkò wá àpá irin tó wà lórí ìka rẹ̀, ó rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọwọ́ yìí. Mo rò pé tíṣà ti pa á."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo yọ tiyín…"

"Mo mọ̀ pé wọn ò dára. Ìka mi sọ fún mi ní ọjọ́ tí mo ṣe wọ́n. Mò ń bẹ̀rù pé kí ẹnì kan má sọ ọ́ síta. Ìwọ náà ń bẹ̀rù pé kí o má sọ ọ́. Wo bí àwa méjì ṣe ń sá fún ara wa nínú ilé kan." Omi ń ṣàn láti ojú tí kò ríran. "Ó dáa. Ó ti tó. Tàn án."

Wọ́n gbé ìjókòó irin sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ló di bátìrì mú. Kò-Sí-Wàhálà tó wá wòran ló fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ iwájú. Obìnrin náà fa wáyà bọ́tìnì gba ojú fèrèsé, ó sì gbé e lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀rọ náà wúkọ́, ó tu èéfín funfun, òórùn epo lárà kún ilé. Lójijì ó ké. Sílíńdà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pòòyì di òrùka kan, ojú kò rí wọn mọ́.

"Háà!" ni mẹkáníìkì náà wí. "Mo jẹ̀bi, Bàbá o! Mo jẹ̀bi!"

Arúgbó náà tẹ bọ́tìnì. Kẹ́ẹ́. Ó tú u sílẹ̀. Vùùùùù. Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ ṣí bíi ti ọmọdé. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tú u. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tú u. Rọra-Wò dì mọ́ ojú fèrèsé. Òrùlé tó ti wó tún gun orí rẹ̀ padà, ìyá rẹ̀ sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. *Èémí ló ń mí.*

Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ ké, kò sì dákẹ́ mọ́. Ó ń ké lọ, ó ń ké lọ, láì sí ẹni tó dá a dúró.

Obìnrin náà ló kọ́kọ́ yí padà wo bẹ́ẹ̀dì. Bọ́tìnì ti bọ́ sílẹ̀ ní ọwọ́ tó ṣí.

Ó rìn lọ síbẹ̀. Ó gbé e. Ó tẹ̀ ẹ́ fún bàbá rẹ̀, ó sì dì í mú pinpin títí gbogbo nǹkan fi dákẹ́.

*

Ní ìrọ̀lẹ́, Rọra-Wò jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Nínú ilé, àwọn obìnrin àdúgbò ti dé, wọ́n ń rẹ télọ̀ lẹ́kún. Sájẹ́ǹtì dúró tì í, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ni kí n kọ sílẹ̀, Bàbá? Ta ni olè?"

"Kọ ọ́ pé a rí ẹ̀rọ nílé."

Fóònù dún lẹ́ẹ̀kan sí i. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lésì. Èló ló tà á?"

Rọra-Wò gbé awò rẹ̀ sójú, wáyà òsì náà sì tutù létí rẹ̀. Ó kọ nǹkan kan, ó pa á rẹ́. Ó tún kọ, ó tún pa á rẹ́. Nígbà tó yá, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí àgbà ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi ránṣẹ́:

"Ọmọ mi, kò sí olè. Ẹ̀rọ kò kúrò nílé rí. Nígbà tí ojú bàbá rẹ kò ríran mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ ló bá a ṣe sílíńdà méjì tó kẹ́yìn, kò sì fẹ́ kó mọ̀. Bàbá fọwọ́ kàn án lónìí, ó mọ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó gbọ́ ọ, ó sì bá ìró rẹ̀ lọ. Pẹ̀lẹ́ o. Má béèrè èló. Pe ẹ̀gbọ́n rẹ nísinsìnyí. Ọwọ́ òsì ni yóò fi gbé e."